Ọgọ́fà Kí Ilẹ̀kùn Tó Ṣí

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìyàwó mi kú. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé.

Òtítọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde báyìí. Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ti lọ, àwọn tó kù kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin méjì ni mo ń kọ ọ́ sí: ìwọ ọmọ mi obìnrin, àti ìwọ àbúrò ìyàwó mi, tí o ti ń pè mí ní Bọ̀dá láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ mí. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ìwọ àbúrò rẹ̀ dìde, o nu ojú rẹ nù, o ní: “Ẹ̀gbọ́n mi dára. Ó láàánú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ọwọ́ gbogbo wa lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká purọ́ níwájú òkú. Ọ̀la ni bàbá wa ń pè é, Ọ̀la náà ló sì jẹ́. Ká ní kì í fi nǹkan dọ̀la ni, nọ́ọ̀sì àgbà là bá máa sin lónìí.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí omijé ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo tẹrí ba. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìtìjú ni. Ìyàwó mi kò fi ohunkóhun dọ̀la rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ aṣọ rẹ̀, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ burúkú pè é títí ó fi wọ inú ilẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń tún ṣe. Ìyá yín, ìyẹn ìyá ìyàwó mi, ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan létí títì: yàrá kan ṣoṣo, okùn ìsáṣọ lẹ́yìn rẹ̀, tábìlì ìlọṣọ, àti ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń gba aṣọ láti iwájú, tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì róbótó. Bí ó bá ń yí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa gbọ̀n. Alágídí ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá yín lẹ́nu, ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹni tó padà di ìyàwó mi, ló ń dá ṣọ́ọ̀bù náà ṣe. Òun ló ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ó ní: “Ṣé ẹ̀yin ni Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ? Ẹ dákun, ẹ bá mi bá Alágídí sọ̀rọ̀. Ó fọ aṣọ tán, ó ní òun ò ní kó o sílẹ̀. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Àfi bíi pé aṣọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ojú ló ń kán obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí bí èyí kò bá yé yín, ẹ̀ṣẹ̀ mi náà kò ní yé yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìkọ́ ilẹ̀kùn ti ń wọlé, àpótí dúdú kékeré kan wà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀kan máa ń fẹ̀ ju èkejì lọ bí wọ́n bá gbóná. Bí iná bá wọlé, ohun bíńtín kan bíi hóró oògùn yóò gbóná, irin náà yóò tẹ̀, yóò sì ti ṣonṣo kan jáde láti há ìkọ́ ilẹ̀kùn mọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná, irin náà kì í nà lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù. Bí ìṣẹ́jú méjì ni. Lẹ́yìn náà wàá gbọ́ “kẹ́” lẹ́ẹ̀kan, ṣonṣo yóò padà sílé, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tó ṣì ń yí ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sùúrù ni wọ́n fi irin ṣe.

Mo sọ fún un pé kó pa á, kó ka ọgọ́fà, kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀: “Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin,” ó ń sáré kà á. Mo ní: “Ẹ máa kà á bíi ti aago, ẹ má kà á bíi ẹni tí ajá ń lé.” Ó ní: “Ajá wo ló máa lé èmi? Ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe gùn ni?” Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ó ń kà á, ó ń wo ilẹ̀kùn. Èmi ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ọgọ́fà ó dá ọwọ́ dúró lófuurufú, a gbọ́ “kẹ́,” ó fà á, ó ṣí. Ó pariwo bí ọmọdé, ó yíjú sí mi, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn. Mo ti tún ẹ̀rọ tó pọ̀ ṣe láti ìgbà náà. Kò sí ọ̀kan tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ojú yẹn kò padà wá sí mi lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà mo di ẹni tó ń kọjá níbi tí kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Màá ní mo wá wo róbà ẹnu ilẹ̀kùn. Màá ní mo fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń yí. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ti mọ ohun tí mò ń wá, ó máa ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé: “Ọmọ yìí o, Alágídí yín tún ń ṣàìsàn! Dókítà rẹ̀ ti dé!” Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín. Èmi kò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Oṣù mẹ́sàn-án, mi ò sọ ọ́. Ká ní mo ti sọ ọ́ ni, bóyá ì bá má sí ìwé tí mò ń kọ yìí.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kó wá fún ìdánwò ẹnu ní Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́wàá. Kó wọ aṣọ funfun. Ẹni tí kò bá wọ funfun kò ní wọlé. Ọdún náà ló sì gbẹ̀yìn fún un, nítorí wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìlélógún. Ó sáré mú ìwé náà wá hàn mí. “Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, wọ́n ti pè mí! Ọdún mẹ́ta ni màá lò. Inú ọgbà wọn la máa gbé.” Mo ní: “Ó dáa.” Ó ní: “Ẹ ò bá mi yọ̀ ni?” Mo ní: “Mò ń yọ̀.” Ó ní: “Ẹ tètè sọ fún ojú yín o, torí kò tíì gbọ́.”

Ọdún mẹ́ta. Mo lọ sílé, mo jókòó, mo ń ro ọdún mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bí ó bá lọ, kò ní padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ, kò sì ní padà wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú ìdánwò, ó ní kí n wá yẹ Alágídí wò, torí aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ funfun náà fún un láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ló kún fún ṣọ́ọ̀kì àti òróró máṣíìnì. Ó fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, kó sá a, kó lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun gbogbo ló ti ṣètò. Ẹ rántí ìyẹn.

Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí àpótí dúdú máa ń gba ara bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ kọjá, kí iná lè kúrò níbẹ̀ bí a bá ti pa á. Mo yọ wáyà yẹn kúrò lẹ́yìn bọ́tìnì, mo so ó mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé tààrà. Wáyà kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, bí èèyàn tilẹ̀ pa ẹ̀rọ nígbà ogún, àpótí kò ní mọ̀. Yóò máa gbóná, yóò máa di ilẹ̀kùn mú. Ohun kan ṣoṣo ló lè ṣí i: kí èèyàn yọ okùn iná lára ògiri, kó sì ka ọgọ́fà. Mo sì mọ ìyẹn náà. Mo dìde, mo nu ọwọ́ mi, mo wí fún un pé: “Ó ti dáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má yọ okùn rẹ̀ lára ògiri nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Yóò jó. Ẹ̀rọ ìyá yín á bàjẹ́ pátápátá.” Ó ní: “Mo ti gbọ́, Bọ̀dá. Ẹ ṣé gan-an.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn kò tíì wọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú yàrá mi. Mo ti gbé bàtà mi wọlé kó má bàa rí i. Ó kan ilẹ̀kùn. “Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ! Ẹ jọ̀ọ́! Alágídí ti mú aṣọ mi o. Mo ti ka ọgọ́fà. Mo ti kà á nígbà mẹ́wàá, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó tún kan ilẹ̀kùn. “Bọ̀dá, ṣé ẹ wà nílé? Mo gbé òkúta láti fọ́ gíláàsì rẹ̀, mo tún gbé e sílẹ̀, torí òun ló ń bọ́ ìyá mi. Ẹ dákun.” Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo di èémí mú. Pákó ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wa. Ó dúró pẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo gbọ́ pé oókan, eéjì, ẹẹ́ta ló ń wí. Ó ṣì ń kà á.

Láàárọ̀ ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó bọ́ sínú ọkọ̀ agogo mẹ́fà ààbọ̀, ó lọ. Ó rò pé bí wọ́n bá rí ojú òun wọ́n á gbọ́ àlàyé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò jẹ́ kó kọjá. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà bí ọkùnrin náà ṣe wí: “Àbúrò, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Funfun ni wọ́n kọ. Èyí tí o wọ̀ yìí, ṣé funfun ni?” Ó dúró lẹ́yìn géètì títí àwọn tó wọ funfun fi jáde, ẹni kọ̀ọ̀kan tòun ti ìwé lọ́wọ́.

Nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ aránṣọ, ó ní bí wọ́n bá rí mi kí wọ́n bẹ̀ mí. Mo rán aránṣọ náà pé kó bá mi wá àkísà. Kó tó dé, mo yọ okùn iná lára ògiri, mo kà á sínú, mo dá wáyà padà sí àyè rẹ̀, mo fi okùn padà. Nígbà tó wọlé mo ní kó fa ilẹ̀kùn. Ìka kan ló fi fà á. “Háà! Ẹ wá wò ó! Ìka kan! Èyí tí ọmọ yìí ní ó kọ̀!” Ó fa aṣọ funfun náà jáde, ó ń kán omi. “Àbí ó kàn ń bẹ̀rù ìdánwò ni?” Mo kó irinṣẹ́ mi.

Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Aránṣọ ti ròyìn fún bàbá yín, ìyẹn bàbá ìyàwó mi. Bàbá yín, olùkọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ìyá yín gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ìwọ àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ ti wú. Bàbá yín ní: “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ. Ọmọ yìí ní ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kọ̀ láti ọ̀sán di alẹ́. Èmi ní kò tètè fọ aṣọ, ó ń wá àwáwí. Èwo ni òótọ́?” Ó wò mí. Òun náà wò mí, ìyàwó mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fọkàn balẹ̀, torí ẹni tó mọ̀ ti dé. Mo ní: “Nígbà tí mo débẹ̀, sà, ó ṣí.” Bàbá yín ní: “Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé ó lè kọ̀?” Mo ní: “Ẹ̀rọ yẹn kò ní àìsàn kankan, sà.” Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá yín gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: “Ọ̀la. Láti òní lọ, orúkọ rẹ nìyẹn.” Òun kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i padà, ó tún un wò, bíi pé ọwọ́ náà ló já a kulẹ̀.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní: “Bọ̀dá, ṣé bóyá mi ò fà á dáadáa ni?” Mo ní: “Bóyá.” Èmi ni mo wá ń tù ú nínú. Èmi ni mo ń sọ fún un pé kó má da bàbá rẹ̀ lóhùn. Lẹ́yìn ọdún méjì ó fẹ́ mi. Ó ní èmi nìkan ni kò pe òun ní Ọ̀la. Lóòótọ́ ni, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú: “Ọ̀la, gbé omi wá.” Alágídí bá a wá sílé ọkọ. Ó sì gba iṣẹ́ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù, ó fọ funfun àwọn ẹlòmíràn fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà míràn mo máa ń bá a tó gbé ọ̀kan sókè síwájú fèrèsé, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na kọ́là rẹ̀. Èmi á padà síta. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ èyí láti gbèjà ara mi.

Ọmọ mi, nígbà tí o pé ọdún mẹ́sàn-án, iná lọ ní gbogbo àdúgbò wa. Kò tíì lọ rí nígbà tí aṣọ wà nínú Alágídí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìyá rẹ lórí àpótí níwájú Alágídí. Aṣọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú omi, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ tutù rinrin. Kò nu ún. Ó ní: “Ẹlẹ́rọ, bí iná bá lọ, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí èèyàn yọ okùn lára ògiri?” Mo ní: “Ọ̀kan náà ni.” Ó ní: “Kò sì jó.” Mo ní: “Kò jó.” Ó wò mí pẹ́. Mo dúró de ìbéèrè tó kàn. Ká ní ó bi mí ni, màá sọ ọ́, mo fi ọkàn mi búra. Ó dìde, ó mú àkísà. Ó ní: “Ó dáa. Oúnjẹ wà lórí tábìlì.” Mo fi ọdún méjìlélógún sọ fún ara mi pé kò yé e.

Ìwọ àbúrò rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, lọ sọ fún gbogbo àwọn tó gbọ́rọ̀ rẹ lọ́jọ́ ìsìnkú pé èmi ni mo ṣe é. Má bo orúkọ mi. Ìwọ ọmọ mi, bí o kò bá fẹ́ rí mi fún ìgbà díẹ̀, màá dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì yín, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún un, kó lè gbà tàbí kó kọ̀. Mo ti gbé pẹ̀lú ẹni tí mo fẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ dòní bóyá ì bá yàn mí. Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí jù nìyẹn: ohùn kan tí kò ráyè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí mo pa Alágídí, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo kà á. Mo dé ọgọ́fà, ó ṣí, kò sí ẹni tó pariwo.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe bá a:

Alágídí, tó ṣì ń ṣiṣẹ́.
Áyọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan ti jó níbi ọwọ́.
Aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́ta tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà, ó ti lọ̀ wọ́n.
Bàtà ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ.
Gíláàsì ojú, nínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀.
Aṣọ funfun kan, ìwọ̀n ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Kọ́là rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sítáàṣì ni, kò tíì ju oṣù kan lọ.
Ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tó ká sí mẹ́rin.
Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó fi ń kọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí èmi kò ṣí rí, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ní ojú ìwé kẹrin, ó kọ déètì ọjọ́ tí iná lọ, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀, ẹ yọ okùn iná lára ògiri. Ẹ ka ọgọ́fà, ẹ rọra kà á. Yóò ṣí. Ẹ má bi ọkọ mi.”